Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Abọ́ Rà

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì mu kókó, ẹ̀kọ mímu àárọ̀, nílé Màmúdù ní Sabonjida, àdúgbò kan ní Tamale ní àríwá Gánà, tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Orí abọ́ ni wọ́n ń jà lé. Ẹni tí kò bá mọ Tamale lè rò pé abọ́ kan ló fọ́. Kò sí èyí tó fọ́. Gbogbo wọn wà lódidi nínú yàrá Àdìjátù, ìyàwó Màmúdù: abọ́ tánganran, kúlà oúnjẹ, báásìn, ìkòkò olómorí. Wọ́n tò wọ́n láti ilẹ̀ títí kan àjà. Bẹ́ẹ̀dì ti jáde kúrò nínú yàrá náà nítorí wọn. Orí ẹní ni tọkọtìyàwó ń sùn láàárín wọn, bí ọkọ bá sì fẹ́ yíra padà, ó ní láti kọ́kọ́ jí ìyàwó rẹ̀ kí ìkòkò má bàa wó lù wọ́n.

Bùshrà ni wọ́n ń to àwọn abọ́ náà dè, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Lẹ́yìn Iléyá ni wọn yóò so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Anas, ọmọ Ìlọrin bíi tiwọn, tí ilé wọn wà ní Moshie Zongo. Nílùú yìí, ọmọbìnrin lè wọ ilé ọkọ láìní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé láìní abọ́, wọn yóò máa sọ ọ́ títí yóò fi darúgbó. Ibi tí yóò ti rí oúnjẹ bù sínú abọ́ náà kò kan ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ń fi ebi panú, wọ́n ń ra abọ́, wọ́n ń to abọ́, títí abọ́ yóò fi lé ènìyàn jáde nínú yàrá tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Ayọ̀ la sì ń pe gbogbo èyí.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé Bùshrà ní kí wọ́n tà wọ́n. Fọkanáìsà ni Màmúdù, abẹ́ igi dóńgóyárò kan létí títì ló ti ń lẹ táyà. Òòlù àti irin gígùn ló fi ń já táyà kúrò lára ríìmù láti ìgbà èwe rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti ba èjìká ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún fi ọwọ́ yẹn hú táyà, ọwọ́ náà yóò kú pátápátá. Láti ìgbà òjò ni Bùshrà ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Bàbá rẹ̀ a jókòó sórí táyà àtijọ́, a máa fẹnu júwe fún un. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró, nítorí táyà tí Bùshrà bá lẹ̀ kì í jò.

Ìyá Anas ló wá ránṣẹ́ pé ìyàwó ọmọ òun kò ní jókòó sétí títì kó máa lu irin lójú gbogbo ayé. Anas bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n sì fẹnu kò síbì kan. Bí Bùshrà bá lè máa ṣe iṣẹ́ náà nínú ọgbà bàbá rẹ̀, lẹ́yìn ògiri, kò burú. Yóò máa ti ilé ọkọ wá láàárọ̀, yóò sì máa padà nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà, kò ní sí awakọ̀ kankan tí yóò bá a tẹ irin mọ́lẹ̀ bí táyà bá le. Ó nílò ẹ̀rọ tí ń bọ́ táyà. Alidu, alárinà kan tó máa ń bá ènìyàn wá ẹ̀rọ àlòkù kiri, ti rí ọ̀kan ní Lamashegu, lọ́wọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ń kó lọ sí Kumasi. Ẹnì kan láti Savelugu ti ní òun yóò wá gbé e lẹ́yìn ìrun àsárì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní láti rà á kó tó dé.

Àdìjátù, tó máa ń dín kóósè, àkàrà ẹ̀wà, tà lẹ́nu ọ̀nà, gbé agbada kúrò lórí iná kó lè ráyè jà dáadáa. Ó ní àwọn abọ́ náà kì í ṣe tòun, kì í sì í ṣe ti Bùshrà. Òótọ́ ló sọ. Bí ọmọ Azara, aládùúgbò wọn, bá ń lọ sílé ọkọ, Àdìjátù yóò gbé báásìn lọ fún un. Nígbà tó bá kan Bùshrà, Azara yóò gbé báásìn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wá. Obìnrin kọ̀ọ̀kan a fi kùtẹ́ẹ̀sì sàmì sábẹ́ ohun tó gbé wá, kí àwọn ènìyàn lè mọ ẹni tó ṣe dáadáa àti ẹni tó yẹra, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ru ẹrù ìyàwó. Ìdajì àdúgbò ló ti sàmì sábẹ́ abọ́ Bùshrà.

Àdìjátù bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé abọ́ Azara ni kí n tà? Kí n wá máa fojú wo ojú ẹ̀ láràárọ̀?"

"Ìyá, ilé oníyàrá kan ni Anas ní," Bùshrà dáhùn. "Ibo lẹ fẹ́ ká to gbogbo ẹ̀ sí?"

"Ibi tí èmi tò ó sí náà ni."

Adiza, ẹ̀gbọ́n Màmúdù obìnrin, jáde láti yàrá iwájú. Gọ́gọ̀ ni Bùshrà ń pè é, bí àwọn ọmọ Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò, ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ obìnrin. Òun ló mú Anas wá, òun ló bá ìyá Anas sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó yìí sì ti di ohun ìní rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun kò rí i kí wọ́n fi irin ẹlẹ́gbin rọ́pò ẹrù ìyàwó. Ó béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí àwọn ará Moshie Zongo sọ pé ọmọ Ìlọrin kan wọlé ọkọ pẹ̀lú àpò àti fóònù. Bùshrà yíjú sí bàbá rẹ̀.

Màmúdù ti jókòó láti ìgbà yẹn, tó ń fi ọwọ́ òsì pa òrí sí èjìká. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ ariwo ni, bí ariwo bá sì pọ̀, ṣe ló máa ń wo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí gbogbo wọn fi dákẹ́, ó wá ní kí àwọn lọ wo ẹ̀rọ náà, pé wíwò kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ó dìde, ó sì na ọwọ́ òsì sẹ́yìn kí Bùshrà bá òun wọ apá ẹ̀wù kejì. Àdìjátù gbé agbada padà sórí iná.

Bùshrà ló gun alùpùpù, bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ìjókòó mú. Alidu ti ń dúró dè wọ́n ní Lamashegu, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Wọ́n kí ara wọn ní Dàgbánì, èdè ìlú náà, Màmúdù béèrè aya, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́, kó tó yíjú sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà dúró ní igun, ó pupa, ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Àwo irin kan wà lórí rẹ̀ tí ń yí, èékánná irin mẹ́rin wà lórí àwo náà tó ń di ríìmù mú, apá kan sì yọ sókè tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Nísàlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Alidu fẹ́ fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n, Bùshrà ní kó jẹ́ kí òun ṣe é fúnra òun. Ó yí táyà takisí kan wá, èyí tó ti gan mọ́ ríìmù rẹ̀ dáadáa. Ó gbé e ti irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, irin náà sì ti táyà kúrò lára ríìmù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi òòlù ṣe títí òógùn yóò fi bò wọ́n nìyẹn. Ó gbé e sórí àwo, ó sọ ìkọ́ kalẹ̀, ó tún tẹ ẹsẹ̀. Àwo náà yí, táyà náà sì bọ́ sílẹ̀. Bùshrà dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò gbà pé òun ló ṣe é. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń tijú láti jẹ́ kí Alidu rí i.

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ náà wò. Ó rí i pé èékánná kan nínú mẹ́rin ti jẹ, kò di ríìmù mú dáadáa. Ó gbọ́ atẹ́gùn tó ń jò níbì kan nínú rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn wọlé. Alidu ní àlòkù ni, pé ẹni tó bá fẹ́ tuntun kí ó lọ sí Accra. Bùshrà ní rọ́bà kò le, òun lè pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, èékánná náà sì ṣeé rọ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó fi àbùkù méjèèjì dín owó kù títí Alidu fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nu ojú.

Màmúdù kò dá sí owó. Ó ti rìn yí ẹ̀rọ náà ká, ó sì ti gbé ọwọ́ òsì lé apá irin náà. "Bí mo bá ti rí eléyìí nígbà tí ọwọ́ mi ṣì wà," ó ní, kò sì parí rẹ̀. Alidu yíjú sí títì. Bùshrà bá Alidu ṣe àdéhùn kí ó yé e: bí wọ́n bá mú owó dé ṣáájú àsárì, tiwọn ni. Alidu ní tiwọn ni, ṣùgbọ́n òun kò lè dá ará Savelugu dúró kọjá ìgbà yẹn. Bàbá àti ọmọ gun alùpùpù padà sílé. Bùshrà mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí owó náà ti lè wá bí kò ṣe inú yàrá ìyá òun, ìyá òun kò sì ní gbà.

Lẹ́yìn ìrun àìlà, Àdìjátù ro tùwó, ó se ọbẹ̀ ayòyò, ìyẹn ewédú, ó bù fún olúkúlùkù láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin jẹun lágbàlá. Màmúdù gbé tirẹ̀ wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé ariwo ń dí òun lọ́wọ́ láti jẹun, ìyàwó rẹ̀ sì rò pé ìbínú ni, tàbí ọjọ́ orí. Adiza tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àbúrò òun ti di ọba, pé òun nìkan ló ń dá jẹun.

Màmúdù gbàgbé omi ní ọjọ́ náà. Àdìjátù bu omi, ó sì ṣí ilẹ̀kùn láìkànkùn. Ọkọ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó láàárín ìkòkò àti kúlà, ó tẹ orí ba abọ́, ó sì ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Màmúdù tó máa ń gbá ọwọ́ òsì Bùshrà kúrò nínú abọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Màmúdù tí kì í fi ọwọ́ òsì gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, bí iṣẹ́ tilẹ̀ kún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó yíjú padà, ó sì rí i.

"Ọ̀tún kò dé ẹnu mọ́," ó wí fún un.

Ojú tì í gan-an. Àdìjátù gbé omi kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gun àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn abọ́ náà kalẹ̀ láti òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa pariwo. Màmúdù bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Kò gbọ́.

Nígbà tí Bùshrà rí ìyá rẹ̀ tó ń kó báásìn jáde sí àgbàlá, ó rò pé ó fẹ́ kó wọn pamọ́ sílé ẹlòmíràn ni. Àdìjátù ní kó lọ pe mọ́tọ̀kíìnì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kẹ́rù, kó yáa ṣe kíá nítorí àsárì. Bùshrà dúró, ó ń wò ó. Ìyá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn pé ṣé kò gbọ́ ni. Kò sọ ìdí fún un, kò sì sọ ọ́ fún Adiza, tó tẹ̀ lé e wọlé tó tẹ̀ lé e jáde, tó ń bi í bóyá àìsàn kan ló ń ṣe é. Nígbà tí Adiza rí i pé òun kò ní rí èsì gbà, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Moshie Zongo lọ.

Ní Ọjà Àárín, obìnrin tó ń ta abọ́ yẹ ẹrù náà wò, inú rẹ̀ dùn, àfi ìgbà tó dojú báásìn kan dé tó rí kùtẹ́ẹ̀sì pupa. Ó dojú òmíràn dé, ó rí yẹ́lò. Ó ní ìyá tó ń ra abọ́ fún ọmọ tirẹ̀ kò ní ra èyí tí orúkọ ìyá ẹlòmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá ha á kúrò. Ó fún Àdìjátù ní bíléèdì àti àpótí ìjókòó. Àdìjátù sì ní láti jókòó síta, nítorí inú ìsọ̀ kò láyè.

Bẹ́ẹ̀ ni Àdìjátù ṣe jókòó lójú ọ̀nà, nínú ọjà tí gbogbo Sabonjida ti ń ra tòmátò, tó ń ha àmì àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ abọ́ ọmọ rẹ̀. Bùshrà fẹ́ bá a ṣe é, ìyá rẹ̀ lé e lọ síwájú kó lọ máa wá rọ́bà tuntun fún ẹ̀rọ. Kò fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀ nígbà tí ojúlùmọ̀ bá kọjá. Àwọn ojúlùmọ̀ náà sì kọjá. Àwọn kan kí i bí ẹni pé wọn kò rí ohun tó ń ṣe. Àwọn kan kò kí i rárá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí kí wọ́n tó kọjá tán.

Azara fúnra rẹ̀ dé, pẹ̀lú ewé ayòyò nínú ọ̀rá. Ó rí báásìn rẹ̀ tó tóbi, èyí tó ní àgbélébùú yẹ́lò lábẹ́. Àdìjátù fẹ́ dìde, Azara fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Ó béèrè ní Háúsá bóyá ẹnì kan kú nílé. Àdìjátù ní rárá. Ó béèrè bóyá wọ́n ti tú ìgbéyàwó ká. Àdìjátù ní rárá. Ó fẹ́ sọ ti ọwọ́ òsì fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí aya ń sọ nínú ọjà. Azara na ọwọ́ gba bíléèdì, ó jókòó sétí pẹpẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha àmì rẹ̀ kúrò, ó ha á mọ́ tónítóní. Ó dá bíléèdì padà, ó gbé ayòyò rẹ̀, ó lọ. Àdìjátù kò mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ ló ṣe fún òun tàbí ó fi bẹ́ẹ̀ pa ọ̀rẹ́ tì. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí tánganran.

Owó náà pé, pẹ̀lú ohun tí Màmúdù ní lápò. Bùshrà sáré mú un lọ sí Lamashegu, kí wọ́n tó pe ìrun ló ti wà lọ́wọ́ Alidu. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù gbé ẹ̀rọ náà sórí mọ́tọ̀kíìnì, wọ́n fi okùn dì í, Bùshrà sì gun alùpùpù tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tó ń wo okùn náà ní gbogbo kòtò. Ó ti rí ibi tí wọ́n máa gbé e sí lójú ọkàn rẹ̀. Ó ti ń ronú awakọ̀ tí yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí pé kó mú táyà wá sílé lọ́la.

Ẹnu ọ̀nà wọn ti kún. Adiza ti padà dé láti Moshie Zongo, kò sì dá nìkan padà. Ó mú Anas wá, àti Bádrù, ẹ̀gbọ́n Anas, ọkùnrin gìrìpá tó ti ń wá iṣẹ́ kiri láti ọjọ́ pípẹ́. Àdìjátù dúró ti ògiri. Màmúdù ti fún àwọn àlejò ní àga, òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí ẹní. Àwọn aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà tiwọn, olúkúlùkù ń gbálẹ̀ ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bádrù kò bínú. Ìyẹn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kí gbogbo wọn dáadáa, ó bá Màmúdù kẹ́dùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìyá àwọn gbọ́ pé wọ́n ta abọ́, inú sì kọ́kọ́ bí i. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n rí i pé kò burú. Ayé ti yí padà, kò pọn dandan kí ẹrù ìyàwó jẹ́ abọ́.

"Ṣùgbọ́n owó abọ́ lẹ fi rà á, Bàbá," Bádrù ní. "Ẹrù ìyàwó ni. Ó gbọ́dọ̀ bá ìyàwó wá sílé wa."

Adiza ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé àṣà kò gbà kí ẹrù ìyàwó kù sẹ́yìn nílé bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni tó ti tún gbogbo nǹkan ṣe. Bádrù ní ibi tí wọ́n máa gbé e sí ti wà nílẹ̀, ní iwájú ilé wọn, létí títì gan-an, àwọn oníbàárà kò ní ṣòro láti rí. Ẹni tó wa mọ́tọ̀kíìnì kò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Ó béèrè pé ilé wo gan-an ni kí òun já ẹrù sí, nítorí ilẹ̀ ń ṣú lọ.

Gbogbo ojú lọ sí ọ̀dọ̀ Màmúdù. Ó wo ilẹ̀. Àdìjátù ń wò ó, ó fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí ó sọ ohun tí òun rí lọ́sàn-án, kí àwọn ènìyàn yìí mọ ìdí tí òun fi jókòó sínú ọjà pẹ̀lú bíléèdì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ní ìtìjú tó pọ̀ tó fún ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹrù ọmọ ni. Ẹ máa gbé e lọ."

Bùshrà ṣì wà lórí alùpùpù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sọ́dọ̀ Anas. Ó fẹ́ràn Anas, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Anas ló bẹ ìyá rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà. Ó ń wo bàtà rẹ̀ báyìí.

"Ta ni yóò máa lò ó?" Bùshrà bi í.

Anas wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yorùbá kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó rọra wá ọ̀rọ̀ náà. "Yáyà Bádrù," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ní Háúsá. "Ó ti pẹ́ tí kò níṣẹ́. O mọ̀."

"Èmi ńkọ́?"

"A máa rí i. Tí a bá ti so yìgì tán, a máa rí i."

Bùshrà dúró dè é. Ó fún un ní àkókò tó tó láti tún un sọ lọ́nà mìíràn. Bí ó bá ti sọ pé àwọn méjèèjì yóò jọ máa lò ó, bóyá yóò gbà. Bí ó bá ti kàn wo ojú rẹ̀ nìkan, bóyá. Adiza ń fọwọ́ ṣe é fún un pé kó dákẹ́, kó má ba ojú ara rẹ̀ jẹ́ níwájú àna. Anas kò gbójú sókè.

Bùshrà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì nínú eruku. "Bàbá, ẹ forí jì mí," ó ní. Ó dìde, ó sì sọ fún oní-mọ́tọ̀kíìnì pé kó pa ẹ́ńjìnnì, ibí yìí ló ń já a sí.

Adiza bú sẹ́kún, ó ń ké pé ọmọ náà ti pa òun, ojú wo ni òun yóò fi kọjá ní Moshie Zongo. Bádrù dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní àwọn ti gbọ́. Ó ní kí wọ́n má retí àwọn lẹ́yìn Iléyá. Kò tilẹ̀ pariwo báyìí náà. Ó jáde, Anas sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gun alùpùpù kan náà. Anas kò bẹ Bùshrà, kò bá a jà, kò sì pe orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé kò jà rárá.

Oní-mọ́tọ̀kíìnì tú okùn. Ẹ̀rọ náà wúwo, òun nìkan kò lè gbé e. Ó wo Màmúdù, ó rí ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú kúrò. Àdìjátù kúrò lára ògiri, ó so ìborùn rẹ̀ mọ́dìí, ó di ẹsẹ̀ irin kan mú. Ọkọ Azara jáde láti ojúlé kejì, ó di òmíràn mú láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé e wọ ọgbà, wọ́n dúró pẹ̀lú rẹ̀ láàárín àgbàlá, wọ́n ń mí gúlegúle.

Bùshrà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo títì, níbi tí iná ẹ̀yìn alùpùpù náà ti wọ àárín àwọn tó kù.

"Bùshrà," ìyá rẹ̀ pè é. "Ìwọ lo máa lò ó. Wá sọ ibi tí a máa gbé e sí."

Ó wọlé. Ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibi tó ti fọkàn yàn.